Kọ́ọ̀pù tíì ẹlẹ́ja tí mo rà ní Kappabashi: 鱈 nìkan ti tó owó ẹ̀

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń fi kọ́ọ̀pù yìí mu tíì láràárọ̀, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n débi tí mo lè sọ̀rọ̀ ẹ̀. Yunomi ni wọ́n ń pè é ní Japan, kọ́ọ̀pù tíì tí ò ní etí, ó ga, ó nípọn, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé síwájú èèyàn nílé oúnjẹ súṣì, tí wọ́n fi kánjì, irú lẹ́tà kan tí wọ́n fi ń kọ èdè Japan, kọ orúkọ ẹja yí gbogbo ara ẹ̀ ká látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ súṣì ní Japan rí, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, àfàìmọ̀ kó má ti di irú ẹ̀ mú láìwo ohun tó wà lára ẹ̀. Èmi náà ò wò ó nígbà àkọ́kọ́, ẹja lọ́kàn mi wà.

Kappabashi ni mo ti ra tèmi, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta nǹkan ilé ìdáná ní Tokyo, láàárín Ueno àti Asakusa, ẹ lè rin ibẹ̀ látàárọ̀ kẹ́ ẹ má tíì wo ìdajì ọ̀bẹ àti abọ́ tó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, màmá àgbà kan ló jókòó síbẹ̀, 1,100 yẹ́ẹ̀nì ni mo san, owó orí 10% ti wà nínú ẹ̀. Màmá yẹn fi ìwé ìròyìn wé e nígbà mẹ́ta kó tó kó o sínú báàgì fún mi, ó ní ẹja ò gbọ́dọ̀ fọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ ná. Ó nípọn, nítorí náà tíì kì í tètè tutù nínú ẹ̀, ó gbà tó ìwọ̀n tí mi ò fi ní dìde lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sí i kún dẹ́nu, ẹ ò ní lè dì í mú o, etí ò sí lára ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ kan di etí ẹnu ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìdí ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò dán, ó máa ń ha tábìlì, ẹ wá nǹkan tẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ti tó.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí ni ohun tí wọ́n kọ sí i lára, pàápàá kánjì kan tó wà ní ìlà kẹta látòkè: 鱈.

Wọ́n kọ たら sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wínníwínní ní hiragana, lẹ́tà Japan tó kàn ń sọ ohùn ọ̀rọ̀, ìyẹn tara. Ẹja kan ni, òun àti pánla tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn jọ tan, ó funfun nínú, ó máa ń gbé inú omi tútù lápá àríwá. Apá òsì kánjì yẹn ni 魚, ẹja. Apá ọ̀tún ni 雪, yìnyín tó ń bọ́ látojú ọ̀run nígbà òtútù. Ẹja yìnyín! Ìlà 22 lẹ máa fà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ tán, ẹja gba 11, yìnyín gba 11, ó pín dọ́gba-dọ́gba, tí mo bá ti ń kọ ọ́ ọwọ́ mi máa ń balẹ̀.

Kánjì yìí ò sì ti Ṣáínà wá o. Fún ẹni tí ò tíì kọ́ èdè yẹn: Ṣáínà ni kánjì ti wá sí Japan, wọ́n gbà á tòun ti ohùn tí àwọn ará Ṣáínà fi ń pè é, wọ́n tún wá fi ọ̀rọ̀ tiwọn náà kà á. Ohùn tó tẹ̀ lé e látọ̀hún ni wọ́n ń pè ní on, ọ̀rọ̀ Japan gangan ni kun. Ẹ wo 山 tó jẹ́ òkè, san ni on ẹ̀, yama ni kun ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ Japanese ló mọ bí ìyẹn ṣe ń dààmú èèyàn tó. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé Japan ni wọ́n ti hun wọ́n, kokuji lorúkọ wọn, lẹ́tà ilẹ̀ wọn nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ò sì ní on rárá, torí níbo ni ohùn Ṣáínà ti máa wá nígbà tí Ṣáínà ò bí wọn? 峠 nìyí, tōge, òkè lápá òsì, “lọ sókè” àti “lọ sísàlẹ̀” lápá ọ̀tún, ibi tí ọ̀nà orí òkè ti gùn dé tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀, tōge nìkan lẹ máa kà á títí ayé. 畑 náà ńkọ́, iná àti oko, hatake, oko tí kì í ṣe ti ìrẹsì inú omi, torí 田 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ṣáínà ti di ti oko ìrẹsì nìkan ní Japan, wọ́n sì nílò òmíì fún oko gbígbẹ. Èmi ò ríbi tí ọgbọ́n tó jù báyìí lọ wà nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé.

Ká padà sí tara. Òun wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n fún ní on nílé, ẹ ṣí díkṣọ́nárì kánjì ẹ máa bá SETSU níbẹ̀, torí yìnyín apá ọ̀tún yẹn, setsu ni wọ́n ń kà á tó bá dá wà. Wọ́n yá ohùn apá kan fún odindi. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, nílé oúnjẹ, lọ́jà ẹja, tara ni, tí ọ̀rọ̀ míì bá sì ṣáájú ẹ̀ á di dara: madara ni tara gangan, bōdara ni èyí tí wọ́n sá gbẹ, gindara ni ẹja míì tí wọ́n kàn fi orúkọ náà jọ tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ rárá. Kọ́ọ̀pù mi ò sọ ìkankan nínú èyí, たら nìkan ló kọ. Ẹni tó bá fi kọ́ọ̀pù yìí nìkan kọ́ ọ, ọjọ́ tó bá gbọ́ dara ò ní mọ̀ pé ẹja kan náà ni. Mo yọ máàkì díẹ̀ níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe wá dẹni tó ń ronú lórí kánjì ẹja tó báyìí? Oṣù kìíní ni, mo wọ ilé oúnjẹ kékeré kan lálẹ́ nítorí òtútù, ohun tí wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi búrọ́ṣì kọ sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sí fọ́tò, kò sí hiragana tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ka kánjì, ìkọ̀wé yẹn sì ń sáré bí ìkọ̀wé dókítà. Mi ò mọ ọ̀kan kà nínú mẹ́wàá. Mo wá rí ọ̀kan, ẹja àti yìnyín, 鱈ちり. Ọkàn mi fò sókè! Tara! Mo mọ ẹ̀, ó wà lára kọ́ọ̀pù mi, ìlà kẹta! Mo pe Taishō, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀, mo ní tarachiri jọ̀ọ́, ó wò mí, inú ẹ̀ dùn, ó bi mí bóyá mo lè ka kánjì yẹn lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ojú ara mi ka ògiri ilé oúnjẹ Japan tí mo sì jẹ ohun tí mo kà. Ìkòkò omi gbígbóná ni, tara, tófù, ewébẹ̀, wọ́n á fi ọbẹ̀ olómi kíkan tó ní ọsàn yuzu nínú jẹ ẹ́. Ẹja yẹn máa ń já sọ́tọ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ funfun báláú tẹ́ ẹ bá ti fi igi ìjẹun kàn án.

Mo wá bi Taishō pé kí ló dé tó fi jẹ́ yìnyín. Ó ní ṣé mi ò rí i ni, ẹran ẹ̀ funfun bíi yìnyín. Ìyàwó ẹ̀, Okami-san, tó ń gbé abọ́ kọjá dáhùn látẹ̀yìn pé rárá o, nítorí pé ìgbà tí yìnyín bá ń bọ́ ló máa ń dùn ni. Bàbá ní funfun ni, màmá ní àkókò ni, wọ́n ń bá a lọ báyẹn títí mo fi sanwó. Nígbà tí mo délé mo wá a kiri, ìwé kan wà nípa oúnjẹ, Honchō Shokkan, dókítà kan tó ń jẹ́ Hitomi Hitsudai ló kọ ọ́, ọdún 1697 ló jáde, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti bọ́ nígbà òtútù ni wọ́n máa ń pa ẹja yìí lọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi wà nínú lẹ́tà ẹ̀. Okami-san ló jàre ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó kéré tán lọ́dọ̀ Hitsudai. Mo padà lọ sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Taishō ṣì ní funfun ni. Àlàyé méjèèjì ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn Japan títí dòní, èmi náà ò sì rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde.

Ohun tó tún wú mi lórí nípa tara ni pé ó ti rìnrìn àjò. Lẹ́tà tí Japan hun, Ṣáínà yá a lọ! 鳕鱼 ni wọ́n ń kọ ẹja yìí ní Ṣáínà lónìí, xuěyú, xuě yẹn kan náà ni bí wọ́n ṣe ń pe yìnyín. Ẹ rò ó wò ná, àwọn tó kọ́ wọn níwèé wá gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn. Kì í sì ṣe òun nìkan, 腺, tó jẹ́ ẹṣẹ́ inú ara, dókítà Japan kan tó ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn àwọn ará Netherlands, Udagawa Genshin, ló hun ún, ẹran ara lápá òsì, orísun omi lápá ọ̀tún, sen ni wọ́n ń kà á, Ṣáínà náà ń lò ó. Ìyẹn jẹ́ òdìkejì 峠, on nìkan ló ní, kò ní kun kankan. 働 tí Japan hun náà ńkọ́, èèyàn àti ìṣípòpadà, òun ní méjèèjì, hataraku ni kun ẹ̀, ìyẹn ṣiṣẹ́, dō ni on ẹ̀, òun ló wà nínú rōdō, tó tún jẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé kokuji kì í ní on, ẹ ní kó lọ wò ó dáadáa.

Tara tún wọ inú ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹja. Tarafuku, kéèyàn jẹun yó bámúbámú, wọ́n ń kọ ọ́ ní 鱈腹, ikùn tara, ẹja yẹn sì ń jẹun lóòótọ́, ikùn ẹ̀ máa ń yọ. Detarame, ọ̀rọ̀ rádaràda tí kò lórí tí kò nídìí, 出鱈目. Ohùn ẹ̀ nìkan ni wọ́n yá níbẹ̀, ẹja ò sí nínú ìtumọ̀ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ tó jẹ́ ará Kyoto ló sọ ti bōdara fún mi, tara tí wọ́n sá títí tó fi le gbagidi bí igi, bō yẹn gan-an, ọ̀pá ni ìtumọ̀ ẹ̀. Kyoto ò sí létí òkun, ẹja tútù kì í tètè débẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní kitamaebune ló máa ń kó ẹja gbígbẹ láti Hokkaido gba etí òkun apá ìwọ̀ oòrùn wá sí Osaka. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá sè é pẹ̀lú irú kókò kan tí wọ́n ń pè ní ebi-imo, imobō lorúkọ oúnjẹ yẹn, wọ́n tún máa ń jẹ bōdara lọ́dún tuntun. Ó ní ìyá òun àgbà máa ń bá òun wí tóun bá ṣí ìdérí ìkòkò yẹn kó tó jinná.

Ó yá, àwọn tó kù lára kọ́ọ̀pù. Ibí yìí ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú ẹni tó ṣe é wà. Wọ́n kó gbogbo ẹja pọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èyí tí Japan hun, èyí tí Ṣáínà hun, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ṣáínà tí wọ́n yí ìtumọ̀ ẹ̀ padà, kò sí àmì kankan tó yà wọ́n sọ́tọ̀. 鰯, iwashi, sádíìnì, ẹja àti aláìlágbára, torí tí wọ́n bá ti fà á jáde nínú omi kì í pẹ́ kú, ti Japan ni, ó sì ti pẹ́ gan-an, wọ́n hú pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé jáde nílẹ̀ ní Nara, ti ọ̀rúndún kẹjọ, 鰯 ti wà lára ẹ̀ nígbà yẹn. 鰰, hatahata, ẹja àti òrìṣà, ẹja àwọn ará Akita lápá àríwá Japan ni, ìgbà tí àrá bá ń sán lójú òkun nígbà òtútù ló máa ń wá sétí òkun, àwọn kan tiẹ̀ ń fi àrá kọ ọ́ dípò òrìṣà, 鱩. Ó ti fẹ́ tán nínú omi nígbà kan débi pé àwọn apẹja Akita fọwọ́ ara wọn dáwọ́ pípa ẹ̀ dúró fún ọdún mẹ́ta, 1992 sí 1995. Ti Japan nìyẹn náà. Àmọ́ 鮪 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, maguro, túnà, ti Ṣáínà ni, ẹja míì pátápátá ló sì jẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lẹ́yìn tara ni ti ayu àti namazu. 鮎, ẹja àti ìwádìí lọ́wọ́ òrìṣà, bí ẹni tó ń dáfá. Ní Ṣáínà ẹja àrọ̀ ni lẹ́tà yìí. Ní Japan wọ́n fún ẹja odò kékeré kan tó ń jẹ́ ayu, ìtàn kan sì wà nínú Nihon Shoki, ìwé ìtàn Japan àtijọ́, pé Ayaba Jingū ju ìwọ̀ sódò láti fi wádìí bóyá ogun òun máa yọrí sí rere, ayu ló mú. Wàyí o, tí ayu bá ti gba lẹ́tà àrọ̀, kí ni wọ́n máa fi kọ àrọ̀ fúnra ẹ̀? Wọ́n hun tuntun, 鯰, namazu! Lẹ́tà yẹn náà sì padà sí Ṣáínà, wọ́n ń fi kọ àrọ̀ níbẹ̀ báyìí. Àwọn méjèèjì wà lára kọ́ọ̀pù mi, àmọ́ ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀ lódì kejì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n ní nǹkan ṣe pọ̀. Ká ní wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, kọ́ọ̀pù yìí ì bá di ìwé ìtàn. Ó dùn mí lóòótọ́.

Àlébù míì: hiragana ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti kéré jù, mo ní láti gbé e sún mọ́ iná kí n tó rí i kà. Mo tún fi í sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ fún bí oṣù méjì, apá kan lára àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, òrìṣà hatahata ló kọ́kọ́ lọ, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànrìnkàn rírọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, látìgbà náà kò ṣá mọ́. Ẹ má jẹ́ kó ṣe tiyín bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó wúlò fún ẹni tó ń kọ́ kánjì? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀. Nínú kánjì 2,136 tí ìjọba Japan kà sí ti lílò gbogbo gbòò látọdún 2010, àwọn tí ẹja wà lápá òsì wọn ò ju 鮮 àti 鯨 lọ, tẹ́ ẹ bá wá ka 魚 fúnra ẹ̀ mọ́ ọn, mẹ́ta péré. Tara ò sí níbẹ̀, iwashi ò sí níbẹ̀, nínú ìwé ìròyìn katakana, lẹ́tà ohùn kejì tí Japan ní, lẹ máa rí, タラ, ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà tó bá jẹ́ ìdánwò lẹ fẹ́ ṣe kíákíá, owó yín á dára jù lára ìwé. Àmọ́ lórí ògiri ilé oúnjẹ, lára nóréǹ, aṣọ tí wọ́n ń ta sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹja ti ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń tà á, kánjì ni wọ́n ń fi kọ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ṣì, pẹ̀lú ìgbéraga. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀pù yìí ti ń ṣiṣẹ́, ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti jókòó dúró de oúnjẹ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tó kù, mo mú un nítorí ayu àti namazu tí wọ́n yà síra wọn, àti たら tó dá wà láìní dara. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, oríṣiríṣi ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹ yí i ká dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú èyí tí hiragana ẹ̀ tóbi, tí lẹ́tà ẹ̀ wà lábẹ́ ohun tó ń dán, ẹ fi ìka rà á wò, tẹ́ ẹ bá mọ lẹ́tà yẹn tó ga lábẹ́ ìka, ó máa ṣá nìyẹn. Èmi ti padà lọ ra méjì sí i, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ mi ará Kyoto, ọ̀kan fún Taishō àti Okami-san. Okami-san gbà á, ó yí i títí ó fi rí 鱈, ó fi èékánná kan yìnyín yẹn, ó wá gbé e síwájú ọkọ ẹ̀.